Ìlú Ti Rọlẹ̀, Ta Ló Máa Dìbò?

Ìbéèrè kan wà tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa nígbàkigbà tí ìdìbò bá ń bọ̀ níbi tí ogun wà: ṣé ó tọ́ kí ìjọba kọ́kọ́ fi ọmọ ogun gba ìlú kan, kí àwọn ará ibẹ̀ lè ráyè dìbò? Èsì tó máa ń yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa ni pé ó tọ́ kẹ̀. Ta ló máa tò sórí ìlà níbi tí ọta ìbọn ti ń fò? A ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Ohun tí a fẹ́ wò ni gbólóhùn kékeré tó wà nínú ìbéèrè náà: "kí àwọn ará ibẹ̀ lè ráyè." Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ayé máa ń sáré kọjá.

Ìlú tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Fallujah, lórílẹ̀-èdè Ìráàkì, lọ́dún 2004. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ṣì wà ní jẹ́léósinmi nígbà yẹn, àwọn mìíràn ò tíì dáyé rárá, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra sọ ọ́.

Fallujah kò jìnnà sí Baghdad, bíi wákàtí kan lọ́kọ̀ ni. Odò Yufirétì ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí ibẹ̀ pọ̀ débi pé orúkọ tí wọ́n fi ń pè é ni ìlú mọ́ṣáláṣí. Èèyàn tó ń gbébẹ̀ lé ní 250,000, Mùsùlùmí ìjọ Sunni ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí Amẹ́ríkà lé Saddam Hussein kúrò lórí àlééfà lọ́dún 2003, ìlú yìí kò gba tiwọn. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà yìnbọn lu àwọn tó ń wọ́de níwájú ilé ìwé kan tí wọ́n fi ṣe ibùdó, ó sì lé ní èèyàn mẹ́wàá tó kú. Láti ìgbà náà, kò sí ìfẹ́ mọ́.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2004, wọ́n pa òṣìṣẹ́ mẹ́rin ti ilé iṣẹ́ aláàbò Blackwater nínú ìlú náà, wọ́n dáná sun òkú wọn, wọ́n sì so òkú kọ́ sórí afárá. Àwòrán yẹn lọ káríayé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn Marines ti wọ Fallujah. Ariwo àwọn ará ìlú tó ń kú pọ̀ débi pé wọ́n ní kí wọ́n dúró. Wọ́n wá fa ìlú lé ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan lọ́wọ́, Fallujah Brigade, tí wọ́n kó jọ láàárín àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn. Bíríkédì ọ̀hún kò pẹ́ rárá. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, ó ti fọ́nká, púpọ̀ nínú ìbọn tí wọ́n kó fún un sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ní kó lọ kojú.

Ibí ni kàlẹ́ńdà ti wọ ọ̀rọ̀. Òfin tí wọ́n fi ń ṣèjọba fìdí-hẹ ní Ìráàkì sọ pé ìdìbò kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2005. A ò gbọ́dọ̀ purọ́ mọ́ ọjọ́ yìí. Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ló fẹ́ ẹ. Àgbà àlùfáà ìjọ Shia nì, Ayatollah Ali al-Sistani, ti ń pariwo láti ọdún 2003 pé àwọn ará Ìráàkì ni kó fi ìbò yan àwọn tó máa kọ ìwé òfin ilẹ̀ wọn, kì í ṣe àwọn tí àlejò bá fi ọwọ́ yàn. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Àwọn Shia pọ̀ ju gbogbo yòókù lọ, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni wọ́n fi wà lábẹ́ ìyà Saddam. Tí ẹnì kan bá ní kí irú wọn tún mú sùúrù, ó yẹ kó mọ ohun tó ń bẹ̀ wọ́n fún.

Ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà kejì náà wà. Amẹ́ríkà dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 2004, Bush sì wọlé. Ní alẹ́ ọjọ́ 7, ogun Fallujah bẹ̀rẹ̀. A ò lè wọ inú ọkàn Bush, ṣùgbọ́n a lè ka ọjọ́ márùn-ún.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, Kofi Annan, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, ti kọ lẹ́tà sí Bush, sí Tony Blair àti sí Ayad Allawi, olórí ìjọba fìdí-hẹ ní Ìráàkì. Ohun tó sọ nínú rẹ̀ kò le: tí ẹ bá kọlu ìlú yìí báyìí, ìdìbò tí ẹ ní ẹ ń torí rẹ̀ jà lẹ máa bàjẹ́, nítorí àwọn tí ẹ fẹ́ kó jáde dìbò ni inú máa bí. Wọn ò gbà. Allawi ti sọ fún àwọn àgbà Fallujah ní oṣù kẹwàá pé kí wọ́n fa Abu Musab al-Zarqawi lé ìjọba lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ogun ń bọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá, ó kéde pé ìlú ò fararọ fún 60 ọjọ́ ní gbogbo Ìráàkì, àfi ilẹ̀ àwọn Kúrdì.

Kí àwọn ọmọ ogun tó wọlé, wọ́n sọ fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n máa lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló lọ. Àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn tó ti ajagun ni wọ́n ń dá padà lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ni ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà, ní òdìkejì odò. Ìdí tí àwọn ọ̀gágun sọ ni pé láti ibẹ̀ ni ìròyìn òkú ará ìlú ti ń jáde ní oṣù kẹrin, pé irọ́ ọ̀tá ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lé ní 10,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti Ìráàkì tó wọ ìlú láti ìhà àríwá, wọ́n ń jà láti ilé dé ilé. Nǹkan bíi 95 ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló kú. Àwọn ajagun tí wọ́n pa lé ní 1,000. Àwọn ará ìlú tí kò lè lọ, arúgbó, aláìsàn, ẹni tí kò lówó ọkọ̀, kò sẹ́ni tó kà wọ́n bí wọ́n ṣe ka àwọn ọmọ ogun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ló wó. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà gbà pé àwọn lo white phosphorus, ohun ìjà tó máa ń jó bí iná, lára àwọn ajagun tó wà nínú ìlú.

Ẹ jẹ́ ká gba ẹjọ́ àwọn tó ṣe é rò dáadáa, torí pé ẹjọ́ wọn kì í ṣe kékeré. Fallujah kò tòrò kí wọ́n tó débẹ̀. Àwọn ajagun tó gba ìlú náà ń jí èèyàn gbé, wọ́n ń bẹ́ orí àwọn tí wọ́n jí gbé, wọ́n sì ń lù ẹni tó bá ta ọtí. Bọ́ǹbù ọkọ̀ tó ń pa àwọn èèyàn ní Baghdad, àwọn kan nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dì í. Zarqawi kò fi pa mọ́: ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìdìbò, ó gbé ohùn síta pé ogun ni òun ń bá ìdìbò jà, pé ẹni tó bá dìbò, ọ̀tá òun ni. Tí ẹ bá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìlú, ẹ ti dìbò tán fún àwọn ará ìlú náà: ẹ ti bá wọn yan Zarqawi. Ẹni tó ní kí ọmọ ogun má ṣe nǹkan kan náà ń fi ẹ̀mí àwọn kan ta tẹ́tẹ́. Àwa kò sí lára àwọn tó gbà pé gbogbo ìbọn ìjọba ló jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí agbésùnmọ̀mí bá ti gba abúlé rẹ̀ rí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Nítorí náà, kì í ṣe pé wọ́n jà ni a ń bi wọ́n. Ta ni wọ́n jà fún, ta sì ni wọ́n rí nígbà tí wọ́n ń ṣe ètò?

Iṣẹ́ kóòdù kíkọ ni a fi ń jẹun, nǹkan kan sì wà tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ wa nípa ọjọ́ tí wọ́n bá ti kéde. Tí ọ̀gá bá ti sọ fún oníbàárà pé ọjọ́ báyìí ni app máa jáde, tí iṣẹ́ ò sì tíì parí, ọjọ́ yẹn kì í yẹ̀. Nǹkan mìíràn ló máa já bọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó máa ń já bọ́ ni gbígbé iṣẹ́ náà fún àwọn tó máa lò ó kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé àwọn yẹn ò sí nínú ìpàdé, wọn ò sì lè pariwo. App á jáde lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ọ̀gá á ya fọ́tò. Tí app bá kú, oníbàárà á bínú, a ó tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Fallujah kì í ṣe app, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó já bọ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn ará ìlú padà wọlé, díẹ̀díẹ̀, àdúgbò kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí ìdìbò. Kí ọkùnrin tó ti dàgbà tó lè wọlé, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ka, wọ́n á ya àwòrán ẹyinjú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì fún un ní káàdì tó máa gbé kiri nínú ìlú tí wọ́n bí i sí. Ìlú tó wọ̀, omi ò yọ, iná ò sí, àwọn ilé kan ti di òkìtì.

Ó yẹ ká dúró síbí díẹ̀, torí pé irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò yẹn, irú wa ló máa ń ṣe é. Ẹ̀rọ tó ń gba ìtẹ̀ka àti ẹyinjú kò ní ibi nínú fúnra rẹ̀. Ní Nàìjíríà wa níbí, ìtẹ̀ka ni wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀ kí ẹnì kan má bàa dìbò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìtẹ̀ka kan náà ni. Ẹni tó kọ kóòdù rẹ̀ lè má mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí dátábéèsì kan ń dáhùn ló ń sọ ohun tó jẹ́. Dátábéèsì olùdìbò ń bi yín pé: ṣé ìwọ lo ni ìbò yìí? Ti Fallujah ń bi wọ́n pé: ṣé ìwọ kọ́ lọ̀tá? Ẹni tó bá ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dáhùn ìbéèrè kejì lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ó máa ṣòro fún un láti gbàgbọ́ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ ni wọ́n fẹ́ bi òun lọ́jọ́ ìdìbò.

Ìlú rọlẹ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2005, Ìráàkì dìbò. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ èèyàn tó jáde, ìdá 58 nínú 100 àwọn tó lè dìbò, tàdáwà elésè àlùkò ń bẹ níka wọn, àwọn mìíràn ń sunkún ayọ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú kéré ọjọ́ yẹn. Àwọn tó ń yin bọ́ǹbù pa ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ àwọn yòókù ò kúrò lórí ìlà. Ṣùgbọ́n ní Anbar, ìpínlẹ̀ tí Fallujah wà, ìdá 2 péré nínú 100 ló dìbò.

Ìdá méjì. Àwọn kan ń bẹ̀rù Zarqawi. Àwọn kan ò sí nílé. Àwọn kan ń bínú: ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Sunni ti ní kí ẹnikẹ́ni má dìbò nítorí Fallujah, Iraqi Islamic Party sì ti jáde kúrò nínú ìjọba Allawi nítorí ogun náà, kó tó wá jáwọ́ nínú ìdìbò pátápátá ní oṣù kejìlá. Annan ti sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ogun náà ò pa ogun. Bí wọ́n ṣe ń wọ Fallujah ni àwọn ajagun yọ ní Mosul, ìlú tó tóbi jù ú lọ fíìfíì, tí àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ sì fi àgọ́ wọn sílẹ̀ sá lọ. Ní Nineveh, ìpínlẹ̀ tí Mosul wà, nǹkan bí ìdá 17 nínú 100 ló dìbò.

Ohun kan tún bà á jẹ́ sí i, tí kò sẹ́ni tó máa ń kọ nípa rẹ̀ torí pé kò ní ìbọn nínú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2004, wọ́n ti pinnu pé gbogbo Ìráàkì máa jẹ́ ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí àkókò láti ka èèyàn, kò sì sí àkókò láti pín ẹkùn. Ẹ rí i pé àkókò náà ni. Ètò tó rọrùn jù ni wọ́n mú, kí ọjọ́ má bàa yẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye àga tirẹ̀ ni, bí èèyàn 100 péré bá dìbò ní Anbar, àga Anbar ò ní sá lọ síbòmíràn. Nínú ẹkùn kan ṣoṣo, ìlú tí kò bá jáde ti nù pátápátá. Nínú àga 275, àwọn Árábù Sunni, tí wọ́n tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún orílẹ̀-èdè náà, kò rí 20. Ilé ìgbìmọ̀ yẹn ló sì máa kọ ìwé òfin. Ní oṣù kọkànlá, àwọn ẹgbẹ́ bíi mẹ́tàdínlógún ti pàdé nílé Adnan Pachachi ní Baghdad, wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún ìdìbò síwájú ní oṣù mẹ́fà. Wọn ò gbọ́.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ lè sọ pé, ṣebí ọjọ́ ìdìbò ni kí wọ́n sún nígbà náà. Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ̀ pé ìyẹn náà ní ẹ̀gbin tirẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2015, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan sí ìdìbò ààrẹ, Attahiru Jega tó jẹ́ alága INEC kéde pé ìdìbò ti di ọjọ́ 28 oṣù kẹta. Àwọn ọ̀gá ológun ló ní àwọn ò ní lè dáàbò bo ìdìbò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, torí pé àwọn fẹ́ lọ kojú Boko Haram. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọgbọ́n àtirí àyè fún Jonathan ni, inú sì bí àwọn èèyàn gan-an. Àmọ́ àwọn ọmọ ogun lọ lóòótọ́, pẹ̀lú ti Chad àti Niger àti Cameroon. Wọ́n gba Monguno, wọ́n gba Baga, wọ́n gba Bama. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta, ọ̀la ni ìdìbò, wọ́n kéde pé àwọn ti gba Gwoza.

Oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni Gwoza bọ́ sọ́wọ́ Boko Haram. Oṣù méje ni àwọn ará ibẹ̀ fi wà nínú ìyẹn, àwọn tó yè bọ́ ń sá gun òkè. Tí agbára àtigbà á bá wà, kí ló dé tó fi dúró de ìgbà tí ìbò fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ohun tó dùn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ju ti wàyó lọ. Ó ń sọ fún ará Gwoza pé ẹ̀mí rẹ̀ ò tó ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ gbé ọkọ̀ ogun jáde, àyàfi tí ẹ̀mí náà bá ti di ìbò. Àti pé lẹ́yìn ìbò ńkọ́?

Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí INEC ṣe lọ́dún yẹn tí wọn ò ṣe fún àwọn tó sá kúrò ní Fallujah tó bẹ́ẹ̀: wọ́n gbé ibùdó ìdìbò lọ bá àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ní Maiduguri, níbi tí wọ́n sá sí. Kò pé. Ọ̀pọ̀ ni kò ní káàdì lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ sì ti sá kọjá ibodè. Ṣùgbọ́n ẹnì kan jókòó níbì kan, ó béèrè pé níbo ni àwọn tó ni ìbò yìí wà báyìí, ká lè bá wọn níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni à ń wá nínú ètò Fallujah tí a ò rí. Àwọn tó ṣe é rò ó pé tí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn èèyàn á kàn tò wá síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé àwọn ará Anbar ò fẹ́ dìbò. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2005, wọ́n gbé ìwé òfin tuntun náà síwájú gbogbo Ìráàkì kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ogun ò tíì tán, bọ́ǹbù ò tíì dáwọ́ dúró, Fallujah ò tíì tún ṣe tán. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ohun kan wà tí àwọn ará ìlú lè fi ìbò wọn ṣe. Òfin náà ní, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá kọ̀ ọ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta, ó ti wó nìyẹn. Àwọn tí kò yọjú ní oṣù kìíní tò ní oṣù kẹwàá. Ní Anbar, nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 àwọn tó dìbò ló sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Salahuddin, ó lé ní 81. Ó wá ku Nineveh, ìpínlẹ̀ Mosul, níbi tí àwọn ajagun sá wọ̀ nígbà tí wọ́n ń lé wọn ní Fallujah. Ìdá 55 ló kọ̀ ọ́ níbẹ̀. Kò tó. Ìwé òfin náà wọlé, òun náà sì ni Ìráàkì ń lò títí dòní.